NQT ti Nationals Masters: ṣé ó dìgbà tí mo bá ní in kí n tó lè lọ, nígbà tí ìdíje gan-an ò sí nítòsí?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò mọ̀ bóyá ibí ló yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, àmọ́ mo ti rí i tẹ́lẹ̀ pé àwọn kan wà níbí tí wọ́n ń wẹ̀ tí wọ́n sì ń lọ sí ìdíje, torí náà ẹ bá mi dá sí i. Ẹni ọdún 49 ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ilé wa ò jìnnà sí ọ̀sà, kí n tó mọ ABD ni mo ti mọ omi wẹ̀, àbí kí n ní mo rò pé mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, torí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ púùlù níbí tí kóòṣì ní kí n wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ kóun fi wò mí, ìgbà tí màá fi padà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ẹ̀rín ti fẹ́ pa á, ó ní ṣe ni mo gbórí sókè bí ajá tó ń sọdá odò. Ọdún mẹ́rin rèé. Ní báyìí, kí n má parọ́, mo ń wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Breaststroke, ìwẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, ni tèmi, 50 àti 100 yáàdì. Tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Masters wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà tó ń wẹ̀, ni mo máa ń gbà lọ kí n tó lọ sùn.

Ohun tó wá gbé mi dé ibí nìyí. Ó ń wù mí kí n lọ sí Spring Nationals, ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà tí USMS, àjọ ìwẹ̀ Masters ibẹ̀, máa ń ṣe, lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó darúgbó. Mo lọ wo tábìlì tí wọ́n ń pè ní NQT, ìyẹn táìmù tó yẹ kéèyàn ti wẹ̀ rí kó tó kún ojú òṣùwọ̀n, mo wo ti 45 sí 49, àyà mi já. Nínú 50 ó ku díẹ̀ kí n débẹ̀, ó ju sẹ́kọ́ǹdì kan lọ díẹ̀. Nínú 100, ẹ jẹ́ ká má tíì sọ ìyẹn.

Kí n sì tó rí ibi tí màá ti dín táìmù yẹn kù, níbo ni ìdíje wà? Lọ́dún tó kọjá, mẹ́ta péré ni mo rí tí mo lè wakọ̀ dé. Ọ̀kan bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìkejì, mo ti pààrọ̀ shift, mo ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, ó ku ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ìméèlì ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ti bàjẹ́, kò sí ìdíje mọ́, hòtẹ́ẹ̀lì ò sì dá kọ́bọ̀ padà. Ìkẹta nìkan ni mo wẹ̀. Ti púùlù 50 mítà ńkọ́? Mi ò rí ẹyọ kan ṣoṣo.

Kóòṣì ọmọbìnrin mi fi stopwatch gba táìmù mi níbi tí wọ́n ti ń ṣe práktísì, mo sì sáré ju NQT 50 yẹn lọ! Ṣé ìyẹn kà? Àbí kí n kàn gbàgbé gbogbo ẹ̀ kí n máa fi omi ṣe eré ìdárayá lásán?


Àgbà_Òmùwẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o. Màá pè ọ́ ní àbúrò torí èmi ti lé ní 60, Dallas ni mo wà, ọdún 14 rèé tí mo ti ń tọ àwọn ìdíje yìí kiri.

Kọ́kọ́ fara balẹ̀, o ka tábìlì yẹn sódì. Kì í ṣe ìwọ nìkan, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọ̀rọ̀ yẹn ń lé sá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ USMS lè wọ Spring Nationals kó wẹ̀ ìwẹ̀ mẹ́ta láìní NQT kankan. Mẹ́ta gbáko. Ìgbà tó o bá fẹ́ wẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n tó máa bi ọ́ pé NQT dà, mẹ́fà náà sì lòpin. Ìwọ wá ní 50 àti 100 lo mọ̀, méjì péré, ó tiẹ̀ tún ku àyè ẹyọ kan fún ọ. Àwọn tó gùn gan-an bíi 1000 àti 1650 nìkan ló máa ń ní òfin tiwọn lọ́tọ̀, ka ìwé ìdíje ti ọdún tó o bá fẹ́ lọ dáadáa.

O mọ̀ pé ìlú wa níbí ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀? Amarillo, Texas níbí, lóṣù karùn-ún 1970. Dókítà ọmọ ogun ojú omi kan, Ransom Arthur, ló ń rò ó pé tí àgbàlagbà bá ní ìdíje tó ń retí, á máa jáde wá wẹ̀, ara ẹ̀ á le, ló bá bá John Spannuth tó jẹ́ kóòṣì sọ ọ́, wọ́n bá pe Nationals àkọ́kọ́. Torí náà kì í ṣe torí kí wọ́n lè lé èèyàn padà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Kí wá ni NQT wà fún? Àyè ni. Ṣírò ẹ̀ wò. Ìgbà 66 lèèyàn máa wẹ púùlù 25 yáàdì já kí 1650 tó pé. Ẹni tí ò yára lè lo ìdajì wákàtí. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn forúkọ sílẹ̀ fún un, léènì mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n máa wọ omi, wákàtí mẹ́rin márùn-ún ti lọ nìyẹn, a ò tíì kan ẹlòmíì. Ìdíje ọjọ́ mẹ́rin tí ó ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ máa ń wá, tí kálukú bá ní òun fẹ́ wẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, a ò ní kúrò níbẹ̀ títí ọdún Ìkómọ Jésù. Ohun tí NQT ń ṣe nìyẹn, ó ń dín ìwọ̀n tí ẹnì kan ń bù kù.

Ìbéèrè mi wá rèé: ọjọ́ wo lo máa pé 50? Má fojú kékeré wò ó, màá sọ ìdí ẹ̀ tó o bá dáhùn.

Ti stopwatch kóòṣì, rárá o. Kò kà. Ó ní láti jẹ́ ìdíje tí wọ́n ti fọwọ́ sí, tí àwọn onídàájọ́ wà níbẹ̀, tí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ ń ṣe nǹkan kan náà wà níbẹ̀, torí o lè máa ta ẹsẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì kí kóòṣì ọmọ rẹ má rí i, breaststroke sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń lé èèyàn jáde dáadáa. Má bínú, òótọ́ ni.


Ẹlẹ́ja_Tútù:
Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí ní Ẹ̀pẹ́, etí ọ̀sà, ló wá ń sanwó hòtẹ́ẹ̀lì torí kó lè rí omi wẹ̀ 😂😂 Ẹ máa bọ̀ nílé o, ọ̀sà ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní NQT, ẹ̀rọ omi gbígbóná náà ò lè bàjẹ́ torí kò síbẹ̀.


Ìyá_Ìbejì_Peckham:
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà àti yáàdì yín! 25 yáàdì, mítà 22.86, ta ló ń fi ìyẹn díwọ̀n nǹkan? Ẹ bá wa wá nǹkan gidi.

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́, tiwa ní London yàtọ̀ díẹ̀, jẹ́ kí n sọ fún yín kẹ́ ẹ lè rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Mítà nìkan la ń wẹ̀, 25 tàbí 50. Àwọn ìdíje Masters kéékèèké tí àwọn county ń ṣe, èyí tí mo ti lọ nínú wọn ò béèrè táìmù kankan, ẹ ṣáà ti jẹ́ ọmọ kílọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Swim England. Ohun tó ń pa wá lára ni pé wọ́n ń tètè kún. Wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, ìgbà tí mo fi máa ro àmàlà tán fún ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ tí wọ́n ní kí n wá bá wọn dáná sí, ó ti kún! Láti ọjọ́ yẹn mo ti ń fi aago fóònù mi sí i. Púùlù 50 mítà ò sì tó. Ti Crystal Palace tí gbogbo apá gúúsù London ń lò, látìgbà tí wọ́n ti tì í ní 2020 ló ti sọ gbogbo wa di ará Stratford, níbi tí púùlù 50 mítà míì wà, a ń wọ tréènì lọ wọ tréènì bọ̀.

Èmi náà ti dàgbà kí n tó kọ́ ọ, ọmọ ọdún 38 ni mí nígbà yẹn. Ìdíje mi àkọ́kọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ́ sómi láti orí pẹpẹ, ọkàn mi ń lù kìkì, ni màmá òyìnbó kan tó wà léènì ẹ̀gbẹ́ mi bá sọ fún mi pé ní Masters wọn ò ní kéèyàn bẹ́ dandan, o lè bẹ̀rẹ̀ láti inú omi, kó o fọwọ́ kan di ògiri mú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ọ̀hún ju 70 lọ o. Ó fi mí sílẹ̀ lẹ́yìn lórí 100 freestyle, ó ti jáde ó ti ń nu irun kí n tó dé. Torí níbi ìdíje Masters kéékèèké tí mo ń lọ, wọn ò fi ọjọ́ orí tò wá sómi, táìmù ni wọ́n fi ń tò wá, ẹni tí ò yára máa kọ́kọ́ wọlé, obìnrin ọkùnrin, àgbà ọmọdé, gbogbo wa la jọ máa wà níbẹ̀, ìgbà tó bá parí ni wọ́n tó máa ya èsì sọ́tọ̀ ní ọjọ́ orí. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ìyá àgbà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Àti ẹ̀yin obìnrin tó bá ń ka èyí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ irun dá yín dúró. Soul Cap tó gba irun dídì àti dàda, FINA, àjọ ìwẹ̀ àgbáyé, ní àwọn ò gbà á fún Olympics Tokyo ní 2021, ariwo ta, ní 2022 wọ́n gbà á. Mo ní méjì.


Àìgbà_Gbẹ̀rẹ́_Maryland:
Bàbá Dallas, ẹ má bínú o, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ NQT yìí, mi ò gbà pé àyè nìkan ni. Ẹ wò ó. Níbi tí mo wà, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin, mo lè rí ìdíje mẹ́fà méje láìwakọ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́ rí mẹ́ta, ó wẹ̀ ẹyọ kan. Tí èmi bá ṣe àṣìṣe lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹsẹ̀ mi yọ̀ níbi ìyípadà, mo máa tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Òun ńkọ́? Òun ní ìgbà kan lọ́dún, kò sì tíì sùn láti ibi iṣẹ́ alẹ́. A wá fi tábìlì kan náà wọn àwa méjèèjì. Àwọn tó kún inú tábìlì yẹn ni àwọn tó wẹ̀ ní yunifásítì, tí wọ́n ti ń wẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ ọdún méje. Ẹni tó kọ́ ọ ní ọmọ ọdún 45, ibo ló fẹ́ bá wọn dé?

Mi ò ní kí wọ́n pa NQT rẹ́ o. Mo kàn ní kí ẹ má sọ ọ́ bí ẹni pé kò pa ẹnikẹ́ni lára.


Àgbà_Òmùwẹ̀:
Maryland, o ò parọ́. Mo gbà fún ọ lórí ìyẹn. Ẹni tó wà nítòsí púùlù púpọ̀ ló ń jèrè jù, bí ẹni tí ilé ẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà ni.

Ibi tí mi ò ti bá ọ lọ ni pé tábìlì kọ́ ló gbé ìdíje lọ kúrò lọ́dọ̀ àbúrò wa. Ìdíje kì í hù bí olú. Àwọn èèyàn ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é. Mo ti bá wọn ṣètò ọ̀kan rí, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ máa gba púùlù, kì í ṣe owó kékeré, àwọn ọmọdé ló sì máa ń ti gba gbogbo Saturday. Ẹ máa tọrọ àṣẹ lọ́dọ̀ LMSC, ìyẹn ẹ̀ka USMS ti àdúgbò yín, ẹ máa wá onídàájọ́, ẹ máa wá àwọn tó máa mú stopwatch lọ́wọ́. Tí púùlù yín bá ní irin àárín tí wọ́n ń tì síwá tì sẹ́yìn, ẹ máa wọn gígùn ẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì tún un wọ̀n tó bá parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá wẹ̀ kíákíá ò ní rí orúkọ ẹ̀ nínú Top 10, ìwé àwọn mẹ́wàá tó yára jù. Gbogbo ìyẹn, kí èèyàn 40 wá wá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 28. Ọdún kẹta a ò ṣe é mọ́. Tí wọ́n bá wá ń bi mí pé kí ló dé tí ìdíje ò sí, mo máa ń bi wọ́n pé ibo ni wọ́n wà lọ́dún kejì.

Ó dáa, àbúrò Ẹ̀pẹ́, bó o ṣe lè fi ìdíje díẹ̀ gba táìmù púpọ̀ nìyí, ohun tí mo fẹ́ kó o mú lọ nìyí jù.

Àkọ́kọ́ ni rìlé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bọ́ sómi nínú rìlé, táìmù tiẹ̀ kà bí ìwẹ̀ gidi, tí wọ́n bá ti béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ táìmù. Rìlé freestyle ni o, nínú medley, tí kálukú ń wẹ irú ìwẹ̀ tiẹ̀, backstroke, ìyẹn ìfẹ̀yìnwẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ lọ, breaststroke kọ́. Àmọ́ tó o bá fẹ́ ní 50 freestyle láìsan owó ìwẹ̀ míì, sọ fún wọn pé ìwọ lo fẹ́ ṣíwájú.

Èkejì, táìmù àárín ọ̀nà. Tó o bá ń wẹ 100 breaststroke, o lè kọ fọ́ọ̀mù kékeré kan pé kí wọ́n gba táìmù 50 àkọ́kọ́ rẹ sílẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé o parí 100 yẹn láìjẹ́ pé wọ́n lé ọ jáde. Mo mọ obìnrin kan tó wẹ̀ 1650 ẹyọ kan tó fi gba 500 àti 1000 jáde nínú ẹ̀, ó fi ìwẹ̀ kan ra mẹ́ta. Àmọ́ má bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi iná lé kó o wá kú sọ́wọ́ nígbà tó bá ku ìdajì o, mo ti ṣe é rí, àwọn ọmọdé tó ń ka léènì ń ṣàánú mi.

Ẹ̀kẹta: ìdíje ọmọ rẹ. USA Swimming ni tàwọn ọmọdé, àmọ́ tí LMSC bá ti fọwọ́ sí ìdíje yẹn, táìmù Masters tó bá wẹ̀ níbẹ̀ lè kà fún USMS. Kí ìdíje tó wáyé ni wàá béèrè, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ fún Gulf LMSC yín ní Houston ni wàá kọ ìméèlì sí. O lè máa ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ USA Swimming náà. Ojú á sì tì ọ́ díẹ̀, ìwọ àti àwọn ọmọ ọdún 13 lórí pẹpẹ kan náà, àmọ́ ojú kì í ti ẹni tó ń wá táìmù.

Ti púùlù 50 mítà, oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ ló máa ń wà, ìgbà náà ni wọ́n máa ń yí púùlù ńlá padà. Mítà 25 sì máa ń wà láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Tó o bá ń wo kàlẹ́ńdà USMS lóṣù kejì tó o ń wá 50 mítà, o ò ní rí i, bí ẹni tó ń wá àgbàdo tútù nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni.

O ò tíì dá mi lóhùn lórí ọjọ́ ìbí.


Ọ̀dọ́_Yaba:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé ìdíje ò tó, ẹ kú oríire o 😭. Yaba ni mo wà. Ọmọ ọdún 36. Mo ń lọ sí Rowe Park. Àwọn ọmọ iléèwé ń díje, àwọn tó ń wẹ̀ fún ìpínlẹ̀ ń lọ sí National Sports Festival, ti 2025 wáyé ní Ògùn, gbogbo wa wò ó. Èmi tí mo ti lé ní 35, tí mi ò wẹ̀ fún ìpínlẹ̀ rí, ibo ni kí n lọ? Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin la ń bá ara wa díje ní Saturday, ẹni tó bá kẹ́yìn á ra sùyà.

Lórí ọ̀rọ̀ kí táìmù èèyàn má tó, kó má sì lè lọ, ẹ jẹ́ ká má gbàgbé Eric Moussambani, Olympics Sydney 2000. Ọmọ Equatorial Guinea. Wọ́n fún un láyè láti wọlé láìní táìmù, torí wọ́n fẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké náà wà níbẹ̀. 100 freestyle, 1:52.72. Gbogbo ayé ló wò ó. Àwọn méjì tó yẹ kí wọ́n jọ wẹ̀ ti bẹ́ kó tó tó àkókò, wọ́n lé wọn jáde, òun nìkan ló wà nínú omi. Bàbá mi ṣì máa ń sọ ọ́ títí dòní, ó ní òun dìde lórí àga. Ẹ wá wo Abíọ́lá Ògúnbánwò ní Tokyo, 59.74 lórí 100 freestyle kan náà, ọmọ ọdún 17, rẹ́kọ́ọ̀dù Nàìjíríà nígbà yẹn. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi wo ìyàtọ̀.


Ìyá_Ìbejì_Peckham:
@Ọ̀dọ́_Yaba sùyà yẹn gan-an ni NQT yín 😂. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn láti kó owó jọ lọ síbì kan, ẹ wo World Masters. World Aquatics, ìyẹn FINA àtijọ́, ló ń ṣe é, 25 ni ọjọ́ orí ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Fukuoka 2023, Doha 2024, Singapore 2025. Táìmù wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní, ó wà ní ọjọ́ orí ọjọ́ orí, àmọ́ kò le bí ẹ ṣe ń rò, kò sì sí ẹni tó máa yàn yín. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè lèèyàn ń wẹ̀ fún níbẹ̀, kílọ́ọ̀bù ni. Ẹ ṣáà ní láti wà nínú kílọ́ọ̀bù tí federation mọ̀. Físà ló máa le jù, ìyẹn mi ò lè bá yín sọ.


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ láago mẹ́ta òru, aláìsàn yàrá keje béèrè pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Bàbá Dallas, April 17 ni mo máa pé 50. Nationals sì bọ́ sí ìparí April.


Àgbà_Òmùwẹ̀:
Ahà! Mo mọ̀ ọ́n! Tábìlì 45 sí 49 tó lé ọ sá yẹn, tìrẹ kọ́ ni. Nínú ìdíje yáàdì bíi Spring Nationals, ọjọ́ orí tó o bá jẹ́ lọ́jọ́ tí ìdíje bá parí ni wọ́n máa fi tò ọ́. Ẹni ọdún 50 ni ọ́ níbẹ̀. 50 sí 54 ni kó o lọ wò. Ti mítà sì tún yàtọ̀, ibẹ̀, ọjọ́ orí tó o máa jẹ́ ní December 31 ni wọ́n ń lò, torí náà tó o bá lọ sí ìdíje mítà lóṣù kìíní ọdún yẹn, tí o ò tíì pé 50 rárá, wọ́n ti kọ 50 sí ọ lára.

Ìdíje yìí nìkan ni mo mọ̀ tí èèyàn ti ń retí kó tètè darúgbó. Èmi ń retí 65. Ìyàwó mi ní orí mi ò pé.


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:
Mo ti lọ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Táìmù 50 tí mo wẹ̀ níbi ìdíje kan ṣoṣo yẹn lọ́dún tó kọjá, tí mo rò pé ó ti ṣòfò, ó WỌ 50 sí 54! Ó fi ìdá díẹ̀ nínú sẹ́kọ́ǹdì wọ̀ ọ́, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ní kí ọmọbìnrin mi náà wò ó. 100 ṣì kù díẹ̀, kò burú.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe wá nìyí, ẹ sọ fún mi tí mo bá ṣì wí. 50, 100 àti 200 breaststroke, mẹ́ta tí kò nílò nǹkan kan. Mo rí ìdíje kan lóṣù kejì, wákàtí mẹ́ta ni láti Houston, lápá San Antonio, mo máa wẹ̀ 200 níbẹ̀, mo ti ní kí wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù táìmù àárín ọ̀nà kí wọ́n lè gba 100 mi nínú ẹ̀. Bàbá, ṣé mo lè gba 50 náà?


Àgbà_Òmùwẹ̀:
O lè gbà á, kọ méjèèjì sínú fọ́ọ̀mù náà. Àmọ́ gbọ́ mi, má sáré 50 àkọ́kọ́ o. 200 breaststroke, ìgbà kẹfà tó o bá ń wẹ púùlù já lo máa mọ̀ pé o ti ṣe àṣìṣe. Kí wọ́n má bàa fi ọkọ̀ gbé ọ lọ sí ọsibítù tìẹ fúnra ẹ.

San Antonio, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Nationals 2025, mo lọ, púùlù tó dáa ni. Tó o bá ń kọjá, àwọn ará wa tó ń ta oúnjẹ wà níbẹ̀, má jẹ iyán kó o tó wẹ̀.


Àìgbà_Gbẹ̀rẹ́_Maryland:
Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́ kú oríire! Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi o, tí kì í bá ṣe pé ọjọ́ ìbí yín bọ́ sí April 17, tó jẹ́ May 17, ìtàn míì là bá máa sọ.


Ẹlẹ́ja_Tútù:
Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá fún yín ní mẹ́dàlì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e wá fi han ọ̀sà.


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:
Maryland, òótọ́ lẹ sọ, mo ti ronú sí i náà. Bàbá Dallas, mo ti gbọ́, kò sí iyán. Mo tún kọ ìméèlì sí Gulf LMSC nípa ìdíje ọmọ mi bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe, wọn ò tíì dáhùn, àmọ́ kóòṣì ọmọ mi ní tí mo bá fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ mú stopwatch lọ́wọ́ fún wákàtí méjì kí n tó wẹ̀, mo ní kò burú.

Saturday oṣù kejì yẹn, iṣẹ́ ni mo wà. Mo ti bá nọ́ọ̀sì ará Philippines kan pààrọ̀ ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì ló ní kí n fi san án padà. Mo ti gbà. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi.